Gírámà Èdè Yorùbá

Gírámà ni òfin tí a ń tẹ̀ lé bí a bá ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ di gbólóhùn. Wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí dáadáa:

(a) Òjó na Adé.
(b) Adé na Òjó.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni ó wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Olùwà, ẹni tí ó na ẹnì kejì, ni ó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Àbọ̀, ẹni tí a nà, ni ó tẹ̀ lé e. Bí o bá ń rojọ́ fún olùkọ́, tí o sì fi àbọ̀ sí ipò olùwà, aláìṣẹ̀ ni yóò jìyà. Nítorí náà, kọ́ gírámà dáadáa.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
1. Ta ni olùwà nínú gbólóhùn (b)?
2. Tún gbólóhùn yìí tò kí olùwà lè di àbọ̀: Bọ́lá pe Títí.