Awọ kọ́ ni àwọ̀

Ká ní ẹ wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹ gbé iṣẹ́ okùn aago ọwọ́ fún oníṣẹ́ awọ kan ní Òṣogbo. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ fi fóònù fèsì: "Awo re ko wu mi." Kí ni kó ṣe? Awọ ni ohun tí a bó lára màlúù tàbí ewúrẹ́. Àwọ̀ ni dúdú, funfun àti pupa tí ojú rí. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ni kò wù yín, ó lè tún un kùn. Bó bá jẹ́ awọ ni, àfi kó gé òmíràn, ẹ ó sì tún owó san. Ẹ fi àmì ohùn sí i.

Ẹ má sì sọ pé "pupa" kí ẹ dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa, osùn pupa. "Pupa bí epo" tàbí "pupa rúsúrúsú" ló máa yé e. Dúdú náà ńkọ́? Òṣogbo ìlú aró ni: aṣọ tó jáde nínú ìkòkò aró, dúdú ni, èédú náà, dúdú ni. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́. Ẹni tó bá pe àwọ̀ tó fẹ́ ní búlúù tàbí búráùn kò ṣẹ̀.

Ó wá ku ìwọ̀n. "Ó kéré" kò tó. Fífẹ̀ ni ti ibi tí okùn ti wọ ara aago. 18, 20 àti 22 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Gígùn ni ti ọrùn ọwọ́, nínípọn ni ti awọ fúnra rẹ̀. Bí okùn kò bá yí ọwọ́ po, kò ká a nìyẹn. "Ká" yìí náà ló wà nínú "awọ ò kájú ìlù", tí à ń sọ nígbà tí owó kò bá tó. Bó bá há, ó fún yín lọ́wọ́. Bó bá dẹ̀, ó ṣò. Bó bá ṣe rẹ́gí, ó ṣe wẹ́kú.

Fún rírán, ẹ sọ bóyá kó ṣẹ́ etí rẹ̀ bí ìṣẹ́tí aṣọ, tàbí kó fi í sílẹ̀ bó ṣe gé e. Kó fi òwú tó bá àwọ̀ awọ náà mu rán an.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tún wà fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa nǹkan: ọsán. Òun ni onílù dùndún ń fún mọ́ra kí ohùn ìlù lè yí padà. Òun náà ni okùn ọrún tí a fi ń ta ọfà. Ohùn ọ̀rọ̀ ọsán yìí yàtọ̀ sí ti ọ̀sán tí oòrùn ń mú, àti ti ọsàn tí à ń bó jẹ. Àwọn àgbà ní, ọsán já, ọrún dọ̀pá. Bí okùn bá já, aago ọwọ́ di aago àpò.