Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Ọ̀ràn Ìjì

Ìfọ̀,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àkànní, ọmọ Lísàbí, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé ìjì ṣí òrùlé ilé tuntun rẹ ní Mòwé, mo sì dúpẹ́ pé páànù ni ó lọ, kì í ṣe ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ tẹ̀lé e, pé o ń tọ àwọn aríran kiri láti mọ ẹni tí ó rán ìjì sí ọ, ni ó mú mi gbé kálàmù, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn baba wa tí wọ́n ní Ọya, Ìyá Mẹ́sàn-án, aya Ṣàngó, ni ó ni ẹ̀fúùfù, èmi kò bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, nígbà tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bá ti mú ilẹ̀ gbóná janjan, tí ìkùukùu ṣú dẹ̀dẹ̀, tí apá kan òjò sì ń gbẹ mọ́ ojú sánmà, atẹ́gùn tútù tí ó wúwo a ya lulẹ̀, a sáré tàn ká níwájú òjò, kò ní béèrè orúkọ onílé. Láti ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá: bí ó bá gba ọ̀nà Ṣàgámù yọ, ẹ̀yin ará Mòwé àti Ìbàfò ni yóò kọ́kọ́ kí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìfọ̀. Ọ̀tá wo ni yóò já òrùlé gbogbo wa kí ó tó rí ìwọ nìkan bá jà?

Àwọn Òyìnbó amúnisìn a máa pe ìjì wa yìí ní tọ̀nédò, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ń pòòyì láti inú ìkùukùu kanlẹ̀ ni, tiwa a sì máa rọ́ bọ̀ gbọrọ. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ó ti ọ̀hún dé, tí ó ní kí ẹ máa ṣí fèrèsé kí ilé má baà bẹ́, àṣìsọ àtijọ́ ni ó gbọ́. Atẹ́gùn tí ń kọjá lókè ń fa òrùlé sókè, èyí tí ó bá sì gba fèrèsé wọlé yóò máa tì í láti ìsàlẹ̀. Ìwọ náà ní ìjì kì í padà síbi tí ó ti jà. Ní abúlé Codell, ní Kansas, ó jà ní ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí ọdún 1916, ó padà ní ọjọ́ náà gan-an ní 1917, ó sì tún padà ní 1918! Bí ó bá sì ká ọ mọ́ títì márosẹ̀, má ṣe sá sábẹ́ igi tàbí pátákó ìpolówó, má sì fi abẹ́ afárá ṣe ibi ìsádi, nítorí àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìjì jà ní Oklahoma ní 1999, àwọn mìíràn nínú wọn kò tibẹ̀ bọ̀. Ilé olóògiri líle ni kí o wọ̀.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ẹni tí mo rán wá wo ilé rẹ sọ fún mi pé ìṣó lásán ni káfíńtà rẹ fi kan igi òrùlé mọ́ orí ògiri. Jẹ́ kí bíríkìlà ri irin mọ́ kọnkéré yí orí ògiri ká, kí káfíńtà fi irin náà de igi pinpin. Owó aríran yóò tó o rà. Má sì san owó iṣẹ́ tán kí n tó wá fi ojú ara mi wò ó.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.