Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni mo fẹ́ kí olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ Agbalata ní Gẹ̀ẹ́sì fi sọ́kàn kó tó tan dátà fóònù rẹ̀ láti wá ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá dé ọjà Agbalata, létí ọ̀sà Àgbádárìgì, yóò gbọ́ Ẹ̀gùn, yóò gbọ́ Yorùbá, yóò sì gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó gba ẹnubodè Sèmẹ̀ wọlé. Ọmọ tó dàgbà sáàárín wọn ti gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta kí Gẹ̀ẹ́sì tó kàn án. Iṣẹ́ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì kò ṣàjèjì sí Àgbádárìgì. Ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀, ìjọ náà sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1843.

Kí wá ni olùkọ́ yóò kọ́kọ́ wò? Ẹnu ọmọ ni. Yorùbá kò ní ìró v àti z, nítorí náà ọmọ Yorùbá a máa pe “van” bíi “fan”, a máa pe “zip” bíi “sip”. Ẹ̀gùn ní ìró méjèèjì, èyí kì í dààmú ọmọ Ẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè pe ìyá wọn ní “he”, torí pé “ó” ti Yorùbá àti “é” ti Ẹ̀gùn kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin. Olùkọ́ tó mọ èyí kò ní kàn tẹ “ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì” sórí Google, kí ohun tó jáde wá bò ó mọ́lẹ̀. Ohun pàtó tó ń dààmú ọmọ ni yóò wá: ìró v àti f, tàbí ìlò “he” àti “she”.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. BBC, tó ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò láti 1943, ní fídíò lórí ìkànnì BBC Learning English tó ń fi bí ètè àti ahọ́n ṣe ń ṣe hàn. TeachingEnglish ti British Council ní ètò ẹ̀kọ́ fún olùkọ́. LearnEnglish Kids wà fún ọmọdé. Ìkànnì African Storybook kó ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà jọ pẹ̀lú àwòrán, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, ó sì gbà wá láyè láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ka ìtàn náà ní Yorùbá kí ẹ tó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ilé kì í dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó dára nílùú òyìnbó lè má bá tiwa mu. Bí àpẹẹrẹ bá jẹ́ yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ fi àgbọn, ẹja àti ọkọ̀ ojú omi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo fídíò tán fúnra yín kí ọmọ tó wò ó. Ìkànnì tó bá ń béèrè orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ, ẹ yẹra fún un.

Dátà wọ́n, iná kì í sì í dúró. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti dára ni kí ẹ ti gba ohun tí ẹ fẹ́ sórí fóònù. Áàpù Kiwix ń jẹ́ ká tọ́jú Wikipedia, títí kan èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn kọ, ká sì máa kà á láìsí dátà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ fún àwọn olùkọ́ yín ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti fi ohun tí wọ́n rí han ara wọn. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan ṣoṣo wá, èyí tó ti lò ní kíláàsì, kó sì sọ ibi tó ti ran ọmọ lọ́wọ́ àti ibi tó kù sí. Kí ọdún tó yípo, ilé-ìwé náà yóò ní àkójọ tirẹ̀, olùkọ́ tuntun tó bá dé kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.