Ọ̀nà Ẹranko Láàárín Ìlú

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni igbó kan ṣoṣo tí ilé yí ká kò lè dá bọ́ ẹranko rẹ̀ títí lọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ibùgbé Yèyé olómi tútù, tí èèwọ̀ ti ń dáàbò bò tipẹ́tipẹ́ kí UNESCO tó kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bọ tí ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka níbẹ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, ọmọ ìyá kan náà ni yóò máa gun ara wọn, irú wọn yóò sì máa rọ. Igi etí odò ni ọ̀nà náà. Níbi tí a bá ti dá a sí, ẹyẹ àti àdán á gbé èso kọjá, irúgbìn á hù ní igbó kejì; ẹni tó bá ṣán an kanlẹ̀ nítorí ebè ẹ̀fọ́ méjì ti dí i pa.