Títọpa Orísun Ọ̀pá Wúrà: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìtàn pé láti ibi ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì ni ọ̀pá wúrà kan ti wá a máa bù kún owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wádìí rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1913 ni ìwakùsà wúrà bẹ̀rẹ̀. Ó gbilẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó mú un rẹ̀yìn. Agbègbè Iléṣà wà lára ibi tí wọ́n ti wà á.

Bí ẹnì kan bá gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wá sí Adó-Àwáyè, òǹtẹ̀ ni olùwádìí yóò kọ́kọ́ wò. Òǹtẹ̀ 999 ń fi hàn pé ilé ìyọ́wúrà ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ó sì lè ti po wúrà ibi púpọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì rì í sínú omi. Wúrà tí ó gba àyè mílílítà omi kan wọn gíráàmù 19.3, bàbà kò ju 8.96 lọ. Ṣùgbọ́n tungsten jẹ́ 19.25, nítorí náà omi nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ní ìparí, kí ó lọ yẹ àkọsílẹ̀ wò ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn.

Ọ̀nà yìí kan náà ni kí olùkọ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn Òkè Adó: kí wọ́n gbọ́ ti ẹnu àgbà, kí wọ́n sì wá ẹ̀rí tì í.