Ìtakò, Ìfaradà àti Àìràn: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Ìhùwàsí Ẹ̀gẹ́ sí Fáírọ́ọ̀sì Mòsáíkì

1.0 Ìfáàrà

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò lè fìdí múlẹ̀ nínú èdè kan bí èdè náà kò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Láti 1970, nígbà tí ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ yọjú ni pé: ọ̀rọ̀ wo ni a ó fi pe nǹkan báyìí? Ìbéèrè kejì kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì jù ú lọ: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe nǹkan méjì? Orí ìbéèrè kejì yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni ìhùwàsí ẹ̀gẹ́ (tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí) nígbà tí àrùn mòsáíkì bá kọlù ú. Ìdí méjì ni ó mú kí àpẹẹrẹ yìí yẹ. Èkíní, ohun jíjẹ àwọn Yorùbá ni ẹ̀gẹ́, láti orí gàrí dé orí láfún àti fùfú. Èkejì, àwọn onímọ̀ ti wádìí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ dé ìpele mólékù, èyí tí ó jẹ́ kí a lè fi ohun tí a mọ̀ dájú díwọ̀n ọ̀rọ̀ tí a bá dábàá.

2.0 Àrùn náà àti ohun tí ó ń fà á

Warburg, onímọ̀ ọmọ Jámánì kan, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn yìí nínú ìwé ní 1894, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ewé ẹ̀gẹ́ tí ó bá ní in a di àdíkálà: apá kan a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, apá kan a wà ní àwọ̀ ewéko. Ewé náà a ká kò, a sì kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ewé kò bá lè ṣe oúnjẹ tó, ẹ̀gẹ́ kò ní ta dáadáa.

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn náà. Ọ̀nà méjì ni ó fi ń tàn kálẹ̀. Kòkòrò kékeré kan tí í gbé abẹ́ ewé, eṣinṣin funfun, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ jẹ́ Bemisia tabaci, ni ó ń gbé e láti ara igi kan dé ara èkejì. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń gbé e nígbà tí ó bá gé igi ẹ̀gẹ́ tí ó ní àrùn, tí ó sì lọ gbìn ín sí oko tuntun.

Níbí gan-an ni ìṣòro èdè ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ a máa pe fáírọ́ọ̀sì ní 'kòkòrò àrùn', wọn a sì máa pe eṣinṣin funfun náà ní 'kòkòrò'. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé kòkòrò ni ó ń pa ẹ̀gẹ́ òun yóò ra oògùn apakòkòrò. Oògùn náà lè pa eṣinṣin, ṣùgbọ́n kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì tí ó ti wà nínú igi ní ohunkóhun. Ó sàn kí a fi 'kòkòrò' sílẹ̀ fún ohun ẹlẹ́mìí tí ó ní ẹsẹ̀, kí a sì pe fáírọ́ọ̀sì ní fáírọ́ọ̀sì.

3.0 Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì

DNA olókùn kan tí a ká róbótó bí òrùka ni fáírọ́ọ̀sì yìí fi ń pa ìmọ̀ nípa ara rẹ̀ mọ́. Òrùka méjì ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gùn tó nǹkan bí 2,800 ẹyọ. Nígbà tí eṣinṣin funfun bá ti ẹnu bọ iṣan ewé láti mu omi rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì a bá a wọlé, DNA rẹ̀ a sì dé núkílíọ́ọ̀sì, èyíinì ni ibi tí DNA ewéko fúnra rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní ẹ́ńsáìmù tí ó lè da DNA kọ. Ti ewéko ni ó ń yá lò. Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ mu ni 'adàkọ-DNA', nítorí pé ohun tí ó ń ṣe gan-an nìyẹn: a máa wo okùn kan, a sì máa da á kọ sí òmíràn.

Ewéko kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní sẹ́ẹ̀lì tí í rìn káàkiri ara láti bá àrùn jà gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni í gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é ni èyí tí a lè pè ní 'ìpalẹ́numọ́ RNA'. Bí RNA fáírọ́ọ̀sì bá di olókùn méjì, ẹ́ńsáìmù kan a gé e sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì gùn ní ẹyọ 21 sí 24. A lè pe ẹ́ńsáìmù náà ní 'agéwẹ́wẹ́', kí a sì pe ohun tí ó gé ní 'RNA wẹ́wẹ́'. Purotéènì mìíràn, tí ń jẹ́ Argonaute, a mú ẹyọ RNA wẹ́wẹ́ kan dání bí ẹni tí ó mú àwòrán ọ̀daràn lọ́wọ́. RNA èyíkéyìí tí ó bá bá àwòrán náà mu ni yóò gé. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń fẹ́ sọ kò ní jáde mọ́. A ti pa á lẹ́nu mọ́. RNA wẹ́wẹ́ sì lè kọjá láti sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, kí ewé tí kò tí ì yọ pàápàá ti wà ní ìmúrasílẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì náà kì í káwọ́ gbera. Ó ní purotéènì tí í dá iṣẹ́ yìí dúró. Nínú fáírọ́ọ̀sì mòsáíkì ẹ̀gẹ́ ti Áfíríkà, AC4 ni a mọ̀ sí èyí tí ó lágbára nínú iṣẹ́ náà: a máa di RNA wẹ́wẹ́ mú kí ó má baà ṣeé lò. Nínú ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, AC2 ni. Nítorí pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń dá ìgbèjà dúró, igi tí fáírọ́ọ̀sì méjèèjì bá wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà a ṣàìsàn ju èyí tí ọ̀kan ṣoṣo wọ̀ lọ.

4.0 Ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ìhùwàsí mẹ́ta

Láti inú ohun tí a ti sọ, ìbéèrè méjì ni a lè bi nípa ẹ̀gẹ́ èyíkéyìí. Ǹjẹ́ fáírọ́ọ̀sì lè bí sí i nínú rẹ̀? Bí ó bá lè bí sí i, ǹjẹ́ igi náà ń dín in kù, àbí ó kàn ń rù ú?

4.1 Ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yìí wá láti inú 'fi ara dà', bí ẹni tí ó fara da ìyà tàbí ebi. Ẹni tí ó ń fara da ẹrù kò sọ ẹrù náà kalẹ̀. Bákan náà, ẹ̀gẹ́ tí ó ń fara da àrùn ń ta, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yẹ wẹ́kú fún ọ̀dá, oòrùn àti ilẹ̀ oníyọ̀, nítorí pé ìnira bẹ́ẹ̀ kì í bí sí i nínú igi, kì í sì í ti ara igi kan ran èkejì. Ó jọ pé ibẹ̀ ni àwọn olùtumọ̀ ti mú un, tí wọ́n sì ń lò ó fún gbogbo ìhùwàsí ewéko sí àrùn.

4.2 Ìtakò. Igi tí ó ń takò àrùn kò ṣe tìlẹ̀kùn mọ́ fáírọ́ọ̀sì pátápátá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó pọ̀. A ti dábàá 'ìdènà' fún èyí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ènìyàn ni í dènà àrùn: àgbẹ̀ a hú igi tí ó ṣàìsàn, a sì wá igi tí ó mọ́ gbìn. Ìtakò jẹ́ ti igi fúnra rẹ̀.

4.3 Àìràn. Yorùbá a máa sọ pé àrùn 'ràn' ènìyàn. Bí fáírọ́ọ̀sì kò bá lè bí sí i rárá nínú igi kan, a jẹ́ pé àrùn náà kò ràn án. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'àì-' ti to láti sọ èyí di ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí òǹkọ̀wé má ṣe gbàgbé àmì ohùn, kí àìràn má baà di àìrán, tí í ṣe ti aṣọ.

Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí a kò fi lo 'àjẹsára'. Ohun tí a jẹ sí ara ni àjẹsára. Láti òde ni ó ti ń wọlé, yálà ní ẹnu tàbí nípa abẹ́rẹ́. Ohun tí igi bí mọ́ ara kò lè jẹ́ àjẹsára.

5.0 Ìdánwò àwọn ọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀gẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Ọkọ-ìyàwó. TME 7 ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùṣèwádìí. Òun àti TME 3 wà lára àwọn ẹ̀gẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kì í ṣe èyí tí a mú jáde láti ilé ìwádìí. Wọ́n ní ìtakò tí a ń pè ní CMD2. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ irú ẹ̀gẹ́ yìí, ewé àkọ́kọ́ lè di àdíkálà. Ṣùgbọ́n ewé tí ó bá yọ lẹ́yìn náà a mọ́, DNA fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ a sì kéré. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún èyí: aláìsàn tí agbára rẹ̀ ń bọ̀ ni a ń sọ pé ó kọ́fẹ padà. 'Ìkọ́fẹpadà' ni ó yẹ kí a pè é, kì í ṣe 'ìwòsàn', nítorí pé kò sí oníṣègùn níbẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, a kò mọ jíìnì tí ó ń fa CMD2. Ní 2016, a kéde pé irú ẹ̀gẹ́ yìí ń pàdánù ìtakò rẹ̀ bí a bá tún un hù láti inú sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò. Ní 2022 ni a wá fi hàn pé àyípadà ẹyọ kan ṣoṣo nínú jíìnì adàkọ-DNA tí ń jẹ́ POLD1 ni ó wà nídìí CMD2. Nígbà tí a pa jíìnì náà lẹ́nu mọ́ nínú ẹ̀gẹ́ tí kò ní ìtakò, ẹ̀gẹ́ náà kọ́fẹ padà. Ẹ́ńsáìmù tí fáírọ́ọ̀sì nílò láti dàkọ ara rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó dà bí ẹni pé a kò bá olè jà, ṣùgbọ́n ọkọ́ tí ó wá yá kò bá a lọ́wọ́ mu.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí fún olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ká ní ẹnìkan ti pe CMD2 ní 'jíìnì ajagun' tàbí 'jíìnì asọ́bodè' kí 2022 tó dé, orúkọ náà ì bá ti di irọ́ lónìí. Ìtakò kò sọ ọ̀nà tí igi ń gbà takò. Ohun tí ojú rí ni ó sọ. Nítorí náà ni ó ṣe dúró. Ohun tí a rí ni kí a fi sọ ẹ̀ka ìmọ̀ lórúkọ. Kí a fi ohun tí a rò sílẹ̀ di ọjọ́ tí a bá mọ̀ ọ́n.

6.0 Ohun tí ọ̀rọ̀ ń dá sílẹ̀ ní oko

Bí ìwé ìròyìn àgbẹ̀ bá sọ nípa ẹ̀gẹ́ tí ó ń takò àrùn pé 'àrùn kò lè mú un', àgbẹ̀ tí ó rí àdíkálà lára ewé àkọ́kọ́ yóò rò pé a tan òun jẹ, yóò sì hú ohun tí ì bá kọ́fẹ padà. Bí ìwé kan náà bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀gẹ́ tí ó kàn ń fara dà á, àṣìṣe náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi náà yóò dára lójú, àgbẹ̀ yóò gé e fún àwọn aládùúgbò, eṣinṣin funfun yóò sì máa mu fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ sí oko ẹlòmíràn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Igi tí ó ru fáírọ́ọ̀sì kan lè di ibi ìpàdé fún òmíràn. Fáírọ́ọ̀sì tí ó ba ẹ̀gẹ́ Uganda jẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1980 jẹ́ èyí tí a ti pa apá kan ti Áfíríkà pọ̀ mọ́ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà.

Gbólóhùn tí ó pé ni kí olùtumọ̀ kọ. Fún èkíní: 'Ẹ̀gẹ́ yìí ń takò àrùn mòsáíkì, bí ewé àkọ́kọ́ bá di àdíkálà, ẹ wo ewé tuntun kí ẹ tó pinnu.' Fún èkejì: 'Ẹ̀gẹ́ yìí ń fara da àrùn mòsáíkì, yóò ta, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe gé igi rẹ̀ gbìn.'

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Yorùbá ní ohun èlò tí ó tó láti fi sọ ìhùwàsí ewéko sí àrùn dé ìpele mólékù. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

Ìfaradà: kí igi máa so tàbí kí ó máa ta bí ó tilẹ̀ ru fáírọ́ọ̀sì púpọ̀.
Ìtakò: kí igi máa dín fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kù.
Àìràn: kí fáírọ́ọ̀sì má lè bí sí i rárá nínú igi.
Ìkọ́fẹpadà: kí ewé tuntun mọ́ lẹ́yìn tí ewé àkọ́kọ́ ti ṣàìsàn.
Ìpalẹ́numọ́ RNA: ìgbèjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gé RNA fáírọ́ọ̀sì kí iṣẹ́ rẹ̀ má lè di ṣíṣe.
Agéwẹ́wẹ́: ẹ́ńsáìmù tí í gé RNA olókùn méjì.
RNA wẹ́wẹ́: ohun tí agéwẹ́wẹ́ gé.
Adàkọ-DNA: ẹ́ńsáìmù tí í da DNA kọ.

Olùkọ́ tí ó bá ń lò wọ́n ní kíláàsì yóò rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ láti ilé ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ wọn: fara dà, takò, ràn, kọ́fẹ padà, pa lẹ́nu mọ́, dàkọ. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan gba ipò èkejì.