Ẹ Kọ Lẹ́tà Kí Ẹ Tó Tan Dátà

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Treichville àti Adjamé ní Abidjan, mo ń rí i lemọ́lemọ́: ẹ ó tan dátà fóònù sí kọ̀ǹpútà tán, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ro ohun tí ẹ fẹ́ kọ sí àwọn ará Ẹjìgbò ní Nàìjíríà. Kó tó di pé ẹ parí, dátà ti tán, lẹ́tà ti sọnù. Ó ń dùn mí.

Ẹ gba Thunderbird, ètò tí a fi ń ka ìmeèlì tí a sì fi ń kọ ọ́, sórí kọ̀ǹpútà ilé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà sórí ẹ̀rọ. Ẹ so fóònù mọ́ ọn, kó kó lẹ́tà wọlé, kí ẹ sì pa dátà kíá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá jókòó, kí ẹ kà, kí ẹ fèsì. Èsì yín á dúró sínú ẹ̀rọ títí ẹ ó fi tún tan dátà, gbogbo rẹ̀ á sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dín fọ́tò kù o: Gmail kì í fi ohun tó ju 25 MB ránṣẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, àwọn okùn abẹ́ òkun, bàjẹ́ nítòsí Abidjan wa yìí. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú títí dé Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó ti kó lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà ń rí àdírẹ́sì àti iye owó ọjà rẹ̀ kà.

Nítorí pé lẹ́tà yín ti wà nínú ẹ̀rọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti kọ̀ǹpútà náà, pàápàá tí àwọn ará ilé bá jọ ń lò ó.